Òkè Ni Ẹ Ń Wò

Àwa tí a ń parí ẹ̀kọ́ ní ọdún yìí ni wọ́n ní kí á kọ nǹkan sílẹ̀ kí á tó máa lọ. A jókòó, a rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, a sì fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ wá lógún ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ènìyàn ṣe ń wo ènìyàn.

Ìlú tí a ń gbé ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó ń gba ojú títì láti Èkó lọ sí Bìní tí kò mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò ti máa ń dúró kí èrò jẹun kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń lọ sí Oǹdó àti ẹni tó ń lọ sí Òkìtìpupa ti máa ń yà. Bí ẹ bá bi arìnrìn-àjò léèrè pé kí ló mọ̀ nípa Ọ̀rẹ̀, á ní bùkátéríà, ẹran ìgbẹ́, agbèrò àti ariwo. Àwọn tó ti dàgbà á fi kún un pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀," nítorí ogun abẹ́lé tó dé ibí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti gba Bìní tí wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ìhà Èkó. Ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé náà nìyẹn. Wọn kò mọ oko kòkó tó wà lẹ́yìn ìlú, wọn kò mọ àwọn tó ń jí lọ sí sọ́míìlì kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò sì mọ̀ pé ilé kéwú wà ní àdúgbò tí wọ́n ti ra ìpékeré. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti wo ìlú wa, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ àwo oúnjẹ kan tán ni wọ́n sì fi wò ó. A kò bínú sí wọn, ọ̀nà wọn ló jìn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí lára kí á fi ìta nìkan mọ ènìyàn.

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó yìí kan náà ni Àgbábù wà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí nǹkan dúdú tó ń sun jáde láti inú ilẹ̀, tó máa ń rọ̀ bí oòrùn bá mú, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ìdọ̀tí lásán ni, á sì máa wá ibi tí yóò ti nu bàtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bitumen nìyẹn, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Nítorí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ṣe gbẹ́ ilẹ̀ kiri ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1908 sí 1914. Irú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà ńlá tí gbogbo wa ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orílẹ̀-èdè wa sì fi ń ra ọ̀dà láti òkèèrè, nígbà tí ti Àgbábù wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá lè fi ohun iyebíye pamọ́ sí abẹ́ ohun tí ojú kò fẹ́ rí, kí ni a rò pé Ẹlẹ́dàá lè fi pamọ́ sínú ènìyàn?

Nígbà tí a wà ní ọdún kejì ni ọmọkùnrin kan wá dara pọ̀ mọ́ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Abà kan tó wà láàrin Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó ló ti ń wá. Nígbà tó wà ní kékeré, igi gẹdú kan yí lù ú lẹ́sẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n kò gún mọ́, ó sì ń tiro bó bá ń rìn. Jalabíà méjì ló ní, a sì mọ méjèèjì nítorí pé wọ́n ti lẹ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, kí ó má baà máa kọjá láàrin àwọn ènìyàn.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ ṣarf ni a ń ṣe, ó sì kan àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí òṣùwọ̀n af'al. Ẹni tó bá ti kọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé orí òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n ń gbé àwọ̀ àti àléébù ara kà: aswad, ẹni dúdú, a'mā, afọ́jú, a'raj, amúkùn-ún. Bí Ààfáà ṣe kọ ìkẹta yìí sójú pátákó ni ẹ̀rín ta láti ẹ̀yìn, tí orí sì ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ààfáà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ a'raj. Ohun tó kọ ni afḍal, ìyẹn ẹni tó ní ọlá jù. Ó ní kí á wo méjèèjì dáadáa, kí á sọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ìrísí wọn fún òun.

A wò ó títí, a kò rí ìyàtọ̀. Alif ló wà níwájú méjèèjì. Lẹ́tà kejì kò ní ohùn nínú méjèèjì, ohùn kan náà ló sì wà lórí lẹ́tà kẹta. Nígbà náà ló ní kí á sọ wọ́n di ti obìnrin. A'raj di 'arjā', afḍal di fuḍlā. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Ààfáà gbé ẹfun sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ìgbà tí ẹ bá wọn rìn díẹ̀ ni ẹ tó mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn í ṣe."

Kò dúró níbẹ̀. Ó bi wá pé nínú àwọn hádíìsì tí à ń kà nínú ìwé Bukhārī, ta ló máa ń wà láàrin Abū az-Zinād àti Abū Hurayrah. Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí ló dáhùn. Ó ní, "Al-A'raj ni, Ààfáà." Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni Abdur-Rahmān ọmọ Hurmuz, ẹni tó kú sí ìlú Alẹkisáńdíríà ní ọdún 117 Híjírà. Amúkùn-ún ni wọ́n ń pè é. Òmíràn tún wà, Sulaymān ọmọ Mihrān ará Kūfa, tí wọ́n ń pè ní al-A'mash nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń pe orúkọ àwọn méjèèjì yìí láti ìlú dé ìlú. Kò sí ẹni tó ń bèèrè bí ẹsẹ̀ ọ̀kan tàbí ojú èkejì ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé ohun tó gbọ́ ló sọ? Ààfáà tún kìlọ̀ fún wa pé èyí kò fún wa láyè láti máa fi àléébù pe ara wa, nítorí pé Ọlọ́hun kọ orúkọ ìnagijẹ tó ń dunni. Àwọn onímọ̀ gbà á láàyè kìkì láti fi dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, wọn kò fi ṣe ẹlẹ́yà.

Àwọn baba wa náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Wọ́n ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. A máa ń pa òwe yìí láìronú pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Amúkùn-ún ni olùkọ́ ibẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá ni kò ríran dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ní ọdún kẹta, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a kò rí ọmọkùnrin yìí ní kíláàsì. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí kò sí ohùn, Ààfáà pa ìwé dé, ó ní àwọn mẹ́ta nínú wa yóò tẹ̀lé òun lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọ̀kadà ni a gùn dé abà náà. Bàbá rẹ̀ ń sá kòkó lọ́wọ́. Ó kí Ààfáà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún wa, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ẹnì kan tí òun bọ̀wọ̀ fún ní ìlú ló bá òun sọ̀rọ̀. Onítọ̀hún ní owó tí òun ń ná sórí kéwú ọmọ yìí, inú omi ni òun ń dà á sí. Ó ní ta ló máa pe amúkùn-ún wá ṣe wáàsí níbi ìsọmọlórúkọ? Ó ní bó bá dé ẹnu ọ̀nà, wọn á rò pé ó wá ṣagbe ni. Nítorí náà ni bàbá ṣe fẹ́ fi ọmọ náà sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ, níbi tí kò ti ní máa rìn, tí ènìyàn kò sì ní máa wò ó.

Ààfáà kò sọ pé iṣẹ́ ìránṣọ kò dára. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ dára fún gbogbo ọmọ, àti ẹlẹ́sẹ̀ pípé àti amúkùn-ún. Ó wá sọ ìtàn Atā' ọmọ Abū Rabāh fún bàbá náà. Ẹni dúdú ni, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni, ó yarọ, ojú rẹ̀ kan kò ríran, nígbà tó yá méjèèjì fọ́. Síbẹ̀, òun ni àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà ní ìgbà ayé rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn tó wá ṣe Háájì ti máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ títí tó fi kú ní nǹkan bí ọdún 114 Híjírà. Ààfáà ní kì í ṣe ayé àtijọ́ nìkan. Ó sọ nípa Taha Hussein ará Íjíbítì, tí wọ́n bí ní ọdún 1889, tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré ní abúlé, tó kàwé ní Azhar, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kairo ní ọdún 1914, tó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wọn ní ọdún 1950.

Bàbá náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Ààfáà sọ̀rọ̀ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ààfáà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí ló ti kú. Ọmọ tèmi ló wà láàyè. Ta ló máa wò ó bí ẹ ṣe ń wo àwọn yẹn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Kò ṣòro láti yin amúkùn-ún tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìmọ̀ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ti alààyè ló le, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó dé. Ààfáà kò purọ́ fún bàbá náà pé gbogbo ìlú yóò wò ó dáadáa. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó padà wá, kí àwa tí a mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀." Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin náà padà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá náà ló ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀sìn wa pàápàá pàṣẹ ìmọ́tótó, kò sì sí ẹni tó ní kí ọmọ ilé kéwú máa wọ aṣọ tó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe yẹn sọ ni bí ayé ṣe máa ń ṣe sí ènìyàn. Kò sọ pé ohun tí ayé ń ṣe náà tọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ìrínisí lè gbé ènìyàn dé, kí ó lọ dúró ní páàkì Ọ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Gbájúẹ̀ kì í wọ àkísà. Agbádá tó gún régé ni, bàtà tó ń dán ni, ọ̀rọ̀ dídùn ni, nítorí ó mọ̀ pé ìta ni ènìyàn ń wò. Aláàárù tó fi ọjọ́ gbogbo gbé ẹrù ẹlẹ́rù láìjí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò ní agbádá tí yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Ojú kan náà tó gbé olè sókè ló ń rẹ olóòótọ́ sílẹ̀.

Kí wá ni a lè fi mọ ènìyàn? Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattāb pé ọkùnrin kan dìde láti jẹ́rìí ẹnì kan níwájú rẹ̀, ó ní òun mọ̀ ọ́n sí ẹni rere. Umar bi í ní ohun mẹ́ta: bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò rí, bóyá wọ́n ti jọ ná owó pọ̀ rí. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Umar sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Bóyá ibi tí ó ti ń kírun ní mọ́sáláṣí ló ti rí i.

Ẹ wo ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Kò sí èyí tí ojú lè dá ṣe nínú wọn. Gbígbé, rírìn àti níná ni, gbogbo wọn ló ń gba ìgbà. Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, a ti bá a gbé: nígbà tí ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn, òun ló jókòó tì í títí òbí rẹ̀ fi dé. A ti bá a rìn: nígbà tí a lọ fún ìdíje ní ìlú mìíràn, tí ọkọ̀ wa bàjẹ́ lójú títì lálẹ́, kò ráhùn, òun ló sì ń ka sùúrà sókè tí ẹ̀rù fi kúrò lára àwọn kékeré. A ti bá a ná owó: ọwọ́ rẹ̀ ni owó tí à ń dá jọ fún wòlímà wà, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, dé orí náírà márùn-ún.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ló gbégbá orókè nínú ìdánwò. Ipò kẹsàn-án ló wà. A mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tí ara rẹ̀ ní àléébù máa ń parí pé ó ju gbogbo ènìyàn lọ, bí ẹni pé àfi kí ó kọ́kọ́ ṣe ipò kìíní kí á tó gbà pé ènìyàn ni. Ẹlẹ́sẹ̀ pípé tó ṣe ipò kẹsàn-án kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Amúkùn-ún tó ṣe ipò kẹsàn-án náà kò gbọdọ̀ jẹ.

Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, lẹ́yìn ogun kan, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé ta ni wọ́n ń wá tí wọn kò rí. Wọ́n dárúkọ àwọn kan. Nígbà tó tún bèèrè, tí wọ́n ní kò ku ẹnìkan mọ́, ó ní òun ń wá Julaybīb, ẹni tí kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà. Wọ́n wá a, wọ́n rí òkú rẹ̀, Ànábì sì fi apá ara rẹ̀ gbé e lọ sí ibojì. Láti ọjọ́ tí Ààfáà ti pa ìwé dé nítorí orúkọ kan tí kò dáhùn ni ìtàn yìí ti yé wa. Ẹni tí o bá mọ iyì rẹ̀, wàá mọ̀ bí kò bá sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, bí wọ́n bá ń pe orúkọ ní àárọ̀, ẹ máa tẹ́tí sí ibi tí kò ti sí ohùn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ọ̀rẹ́ wá sílé, ẹ bèèrè ìwà rẹ̀ kí ẹ tó wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ààfáà fún ìsọmọlórúkọ àti nìkáà ní Ọ̀rẹ̀, ní Òdìgbó àti ní àwọn abà wa, ìbéèrè bàbá yẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì dá a lóhùn.

Ní ti wòlímà wa ọdún yìí, àwa náà ti ṣe ìwọ̀n tí agbára wa mọ. A ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ pé kí ó ṣe àtẹ̀gùn pèpéle náà kí ó kúrú, kí ó sì pọ̀, kí ẹni gbogbo lè gùn ún láìjẹ́ pé wọ́n fà á lọ́wọ́. Ẹ wá bá wa ṣe é. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tó ń rí ìsàlẹ̀ ẹrù. Àmín.